Orúnkún Mùlíkàt

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Mùlíkàt wà nílé kò ní láti kan ilẹ̀kùn. Kó ṣáà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alájà tí wọ́n ń gbé ní Riverdale Park ní Amẹ́ríkà, kó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. Bó bá gbọ́ ariwo kan bíi ti ẹ̀rọ ìlọta tí tàtàṣé há lọ́nà ọ̀fun, Mùlíkàt wà nílé, ó sì ń kàwé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń ké bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà. Jàfárù, ọkọ Mùlíkàt, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ní òun ò tíì wa bọ́ọ̀sì kan rí tó ń fọn imú tó o. Inaayah, ọmọ wọn obìnrin tó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, sọ ọ́ ní Grandpa. Ó ní ṣebí ó máa ń wúkọ́ kó tó jí, ó máa ń sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀, bó bá sì jí, kì í rántí ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bí wáyà bá fi bí èékánná yẹ̀ nídìí iná, gbogbo rẹ̀ á dákú. Wáífáì ilé náà pàápàá níwà tirẹ̀. Bó bá wù ú, á wọ yàrá. Bí kò bá wù ú, á jókòó sí pálọ̀ bí àna tó wá kí ni.

Gbogbo ilé ló ń fi kọ̀ǹpútà yìí rẹ́rìn-ín, àfi Mùlíkàt. Ibẹ̀ ni ilé-ìwé rẹ̀ wà.

Ní Ìbàdàn, Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òjé ló ti ṣiṣẹ́, ó ń wọ aṣọ funfun, ó ń gún abẹ́rẹ́, ó ń gbẹ̀bí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà ló kọ́ ọ níṣẹ́, kì í ṣe ìjọba. Amẹ́ríkà ò mọ irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kó máa wẹ àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan lápá District Heights, kó máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn, kó máa fi ṣíbí bọ́ wọn. Àwọn arúgbó náà ń pè é ní Molly. Molly lè di ọrùn-ọwọ́ ẹnì kan mú kó sì mọ̀ pé ara onítọ̀hún ò lélẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn. Àfi kó sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì á dé, ọmọ tí Mùlíkàt lè bí, á ní, "Thank you, Molly," Molly á sì gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Tó bá wá tẹ Ìbàdàn láago, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì wa ní Amẹ́ríkà! Àwọn òyìnbó ò ní jẹ́ kí ẹ sinmi!" Mùlíkàt á rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín yẹn, eyín ni wọ́n fi ń rín in, kò kan ọkàn rárá.

Nítorí èyí ló ṣe forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń kọ́ láti orí kọ̀ǹpútà. Ó kàwé nínú bọ́ọ̀sì, ó kàwé nídìí ìkòkò tó fi gbàgbé iyọ̀, ó kàwé títí Jàfárù fi ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Alátẹ́ Ẹ̀fọ́. Ìdánwò kan péré ló kù kí wọ́n tó rán an lọ sí ọsibítù láti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì gidi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé-ìwé náà gbà kéèyàn gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀, kò sì ní fi orúkọ náà wọlé síbẹ̀ mọ́.

Lẹ́ẹ̀kíní, ìṣirò oògùn ló gbé Mùlíkàt ṣánlẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó mọ ìwé náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín, Grandpa ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe. Ojú rẹ̀ di búlúù, ó gbé òrùka kékeré kan síta, òrùka náà ń yí, ó ń yí, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Ìgbà tó fi máa yí tán, ìdánwò ti tilẹ̀kùn.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò yá kọ̀ǹpútà Inaayah. Ti ilé-ìwé ni, kì í ṣí ohun tí ilé-ìwé kò bá rán an. Ilé ìkàwé ńkọ́? Gíláàsì ni yàrá ibẹ̀, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ìdánwò yìí le bí ojú ẹkùn: olùṣọ́ kan á máa wò ọ́ láti inú kámẹ́rà, ìwọ nìkan ni kó wà níbẹ̀, o ò gbọdọ̀ kúrò lójú kámẹ́rà, wọn ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ohùn míì yàtọ̀ sí tìrẹ.

Ní ìgbà tí ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ń bọ̀, Alhaja ti wà lọ́dọ̀ wọn. Alhaja ni ìyá Jàfárù. Ó wá láti Ìbàdàn wá lo ìgbà ooru pẹ̀lú wọn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìyàwó àti ìyá ọkọ kì í gbé abẹ́ òrùlé kan kí àwo má fọ́. Àwọn méjì yìí ò gbọ́ òwe náà. Nígbà tí Mùlíkàt bí Inaayah tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, orí sìmẹ́ǹtì ọsibítù ni Alhaja sùn sí títí ara rẹ̀ fi le, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ aṣọ rẹ̀. Àwẹ̀ró ló ń pè é. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó tún ń pe Mùlíkàt ní oríkì rẹ̀, nítorí ìyá tó bí i ti kú.

Ìdí nìyẹn tí orúnkún Mùlíkàt kì í fi í gba àṣẹ lọ́wọ́ orí rẹ̀ bó bá kan ọ̀rọ̀ Alhaja. Bó bá rí i ní àárọ̀, ó ti kúnlẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti kúnlẹ̀. Kí Alhaja tó wá sí Amẹ́ríkà, orí fóònù pàápàá ló ti ń kúnlẹ̀ kí i, Inaayah á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mommy, Grandma can't see your knees!"

"Ọlọ́run ń rí i. Ìwọ, ṣé o ti fọ àwo tí mo ní kó o fọ̀?"

Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sí ọjọ́ Sunday. Wọ́n tò ó bí ẹni to ogun. Inú yàrá ni Mùlíkàt máa jókòó sí, kó ti ilẹ̀kùn. Jàfárù máa gbé Alhaja lọ sí mọ́sálásí fún Àsàlátù pẹ̀lú àwọn obìnrin, á mú Inaayah lọ ra nǹkan, wọn ò sì ní padà títí di ẹ̀yìn Àílà. Alhaja gbé ọwọ́ lé Mùlíkàt lórí kó tó jáde.

"Àwẹ̀ró, máa fọkàn balẹ̀. Bí mo bá padà dé, mi ò tiẹ̀ ní mí. Yàrá mi ni màá wọ̀ tààrà."

"Ẹ ṣé o, Màámi."

Ilé dákẹ́. Mùlíkàt jókòó sí yàrá, ó tan Grandpa. Grandpa wúkọ́, ó jí. Wáífáì kò sí níbẹ̀. Ó pa á, ó tún un tàn. Kò sí. Ó gbé e sókè sí ọ̀kánkán fèrèsé bí ẹni fi ọmọ han oṣù. Kò sí. Ó tẹ Inaayah láago.

"Mommy, ẹ restart ẹ̀."

"Mo ti restart ẹ̀ títí ọwọ́ ń dùn mí. Ó kàn ń wò mí ni!"

"Oya, ẹ gbé e lọ sí parlor. Ibẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́."

"Ilẹ̀kùn àbájáde wà níbẹ̀, Inaayah."

"Ta ló fẹ́ wọlé? Mo wà pẹ̀lú Daddy. Grandma wà ní mosque. Mommy, please, ẹ máa lọ, àsìkò ń lọ!"

Ó gbé e lọ sí pálọ̀. Nítorí wáyà tí kò gùn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná nìkan ló ti lè gbé e kalẹ̀. Ó jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn àbájáde, kámẹ́rà sì kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn náà, òun nìkan ló ń wò. Olùṣọ́ ìdánwò yọ lójú kọ̀ǹpútà, obìnrin ni, bí Mùlíkàt ṣe bẹ̀ wọ́n kó lè ṣí ìborùn rẹ̀ díẹ̀ fún un láti wò ó pé kò fi ẹ̀rọ kankan sétí. Ó ní orúkọ òun ni Anna. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń ka ìkéde ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní kí Mùlíkàt gbé kọ̀ǹpútà yí gbogbo pálọ̀ ká. Mùlíkàt fi ọwọ́ kan gbé e, ó fi èkejì di wáyà mú, ó ń yí bí ẹni ń bá ọmọ jó.

Anna bi í pé, "Ilẹ̀kùn wo nìyẹn, màdáàmù?"

"Ilẹ̀kùn ilé ni. Mo ti tì í."

"Ẹnikẹ́ni ò ní wọlé?"

"Ẹnikẹ́ni."

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ dà bí ẹni tí wọ́n jọ mọra tẹ́lẹ̀. Èkejì náà. Nígbà tó kan ìṣirò oògùn, àní ìṣirò tó gbé e ṣánlẹ̀ níjọ́sí, ó ṣe é, ó tún un ṣe, ó bá ara mu. Ó ń ṣí èyí, ó ń pa tọ̀hún. Grandpa ń pariwo lọ, kò dákú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún wọ̀nyí, Mùlíkàt jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ sáré ṣíwájú díẹ̀: ó rí ara rẹ̀ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, orúkọ rẹ̀ ní àyà, Mùlíkàt, kì í ṣe Molly. Ìbéèrè tó kù kò ju ohun tí èèyàn lè jókòó ti kó fi mu ife tíì kan.

Kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn.

Alhaja ni. Ní mọ́sálásí, ó ti bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n gbàdúrà fún ìyàwó òun, wọ́n sì ti gbà á, wọ́n gbà á dáadáa, títí àwọn kan fi ń sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn, Alhaja ò lè jókòó mọ́. Ó wò ó pé bí òun bá wà nílé, tóun jókòó sí yàrá òun, tóun ń fà á lọ lórí tẹ̀sùbáà, àdúrà náà á bá Mùlíkàt ní gbígbóná. Ó bẹ obìnrin kan kó gbé òun sílẹ̀ nílé. Ohun tó mọ̀ ni pé inú yàrá ni ìdánwò wà. Ó bọ́ bàtà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kó má dún. Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó rọra gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ lójúkojú.

Alhaja fọwọ́ bo ẹnu. Ó na ọwọ́ kejì síwájú: jókòó, jókòó!

Ó ti pẹ́ jù. Kí Mùlíkàt tó mọ̀ pé ta ni òun ń wò, orúnkún rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi."

Ta ni í fi ẹni tó kúnlẹ̀ sílẹ̀ láìdáhùn? Alhaja ò ṣe é rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ọwọ́ tó fi bo ẹnu jábọ́, ẹnu sì ń lọ. "Káàbọ̀ ara rẹ, Àwẹ̀ró mi. Dìde, ọmọ mi. Ọlọ́run á gbé ọ ga. O ò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Ẹ̀rín ni wàá fi jáde níbẹ̀. Dìde, dìde."

"Àmín, Màámi. Àmín. Àmín."

Láti orí tábìlì, ohùn Anna ń bọ̀. "Màdáàmù? Màdáàmù, ibo lẹ lọ? Mi ò rí yín mọ́. Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Mùlíkàt fò dìde, ó fi orí gbá etí tábìlì.

"Ìyá ọkọ mi ni! Mo kí wọn ni!"

"Ẹ wà nísàlẹ̀ tábìlì, màdáàmù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo kí wọn. Bí a ṣe ń kí èèyàn nìyẹn."

"Ẹ ò lè kí wọn lórí ìjókòó?"

Mùlíkàt wo obìnrin náà. Ó ronú sí ìbéèrè yìí tọkàntọkàn. Ó ní, "Rárá."

Anna kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní ó dun òun. Bóyá ó dùn ún lóòótọ́. Ojú kọ̀ǹpútà di pupa, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdánwò ti parí. Grandpa tiẹ̀ ń bá ariwo rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ le koko.

Alhaja ò mọ òyìnbó kà, ṣùgbọ́n ó mọ pupa. "Àwẹ̀ró, kí ló ṣe é?"

Mùlíkàt la ẹnu. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó wúwo bí òkúta. Ó wo ìyá àgbà tó dúró láìwọ bàtà, tó ṣì na ọwọ́ síwájú.

"Kọ̀ǹpútà ló kú, Màámi."

"Ha! Olóríburúkú kọ̀ǹpútà!"

Báyìí ni Grandpa ṣe ru ẹrù ẹlẹ́rù. Láti ọjọ́ náà, Alhaja sọ ọ́ di ọ̀tá. Bó bá ń kọjá níwájú rẹ̀, á pòṣé. "Bó o bá jẹ́ pé Ìbàdàn lo wà ni, orí ààtàn lòjò ì bá ti máa pa ọ́." Bí àwọn ará ilé bá pè, á ròyìn rẹ̀ fún wọn bí ẹni ròyìn orogún. Inaayah, tó ti mọ òótọ́, á ká ẹnu mọ́ra, á sá wọ yàrá.

Ilé-ìwé ránṣẹ́ pé Mùlíkàt lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí di ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ló lè ràn án lọ́wọ́: kí ẹni tó wọlé lọ́jọ́ náà wá síwájú ìgbìmọ̀, lójú kámẹ́rà, kó sọ ohun tó wá ṣe àti ohun tó sọ. Jàfárù gbọ́, ó fa Mùlíkàt wọ ilé ìdáná.

"Mùlí, jẹ́ ká sọ fún Màámi. Ṣebí àgbàlagbà ni wọ́n, wọn ò ní bínú."

"Èmi ò sọ pé wọ́n á bínú."

"Kí ló wá dé?"

"Bàbá Inaayah, kí ni kí n wí? Kí n ní, 'Màámi, àdúrà yín ló lé mi jáde nílé-ìwé, ẹ wá jẹ́jọ̀ọ́ rẹ̀'? Ẹni tó sun sìmẹ́ǹtì nítorí mi? Wọ́n á gbé e sọ́kàn padà sí Ìbàdàn."

"Orúnkún ẹ ló lé ẹ jáde, kì í ṣe àdúrà. Mo ti ń sọ ọ́ pé orúnkún yẹn ti ń ṣiṣẹ́ jù."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ojú lé èjìká ọkọ rẹ̀, ó sì sunkún láìjẹ́ kó dún. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un bẹ̀rẹ̀ sí sún mọ́lé, kò sọ nǹkan kan.

Àfi bí Alhaja ṣe dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ní àjà òkè, Adékọ́lá ń gbé ibẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ní College Park. Alhaja dènà dè é lórí àtẹ̀gùn.

"Adékọ́lá, ọmọ dáadáa, wọ́n ní o mọ kọ̀ǹpútà wò. Wá bá mi wo ọ̀kan tó ń pa ọmọ èèyàn."

Nígbà tí Mùlíkàt fi máa ti iṣẹ́ dé, Adékọ́lá ti tú Grandpa palẹ̀ lórí tábìlì, ó ti tò ó padà, ó sì ti tàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i. Alhaja jókòó tì í bí adájọ́.

"Àǹtí Mùlíkàt, ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ wo erùpẹ̀ tí mo bá nínú fáànù! Ìyẹn ló ń fa ariwo."

Alhaja ní, "Erùpẹ̀ ló kó ìdánwò jẹ?"

Mùlíkàt ń ṣẹ́jú sí Adékọ́lá. Ó ṣẹ́ ọ̀tún, ó ṣẹ́ òsì. Ọmọkùnrin náà ò wòkè. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò.

"Rárá o, Alhaja. Ó ti darúgbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kú lọ́jọ́ náà. Ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìgbà tó bá kú sínú. Lọ́jọ́ Sunday, láti ìgbà tí wọ́n tàn án kẹ́yìn ló ti ń ṣiṣẹ́ lọ, kò tiẹ̀ ṣe kọ̀n-ọ̀n. Ohun tó pa ìdánwò yẹn, kì í ṣe... Àǹtí, ṣé nǹkan wọ̀ yín lójú ni?"

Adékọ́lá wo ojú kan, ó wo ojú kejì, ó rántí pé òun gbé nǹkan ka iná, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Alhaja ò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ nu erùpẹ̀ tó wà lórí tábìlì jọ, díẹ̀díẹ̀.

"Èmi ni mo wọlé lọ́jọ́ náà."

"Màámi, ẹ má..."

"Mo wọlé, o kúnlẹ̀, mo dá ọ lóhùn, ó di pupa. Inaayah ń sá fún mi. Ọkọ rẹ kì í wojú mi. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, tí mo jókòó ti ẹ̀rọ, tí mo ń bú u?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Èmi ni mo kúnlẹ̀. Ẹ ní kí n jókòó, èmi ni mi ò gbọ́."

"Àwọn tó lé ọ dà? Mú mi lọ síwájú wọn."

Ó wọ léèsì rẹ̀ tó dára jù, ó wé ìborùn funfun, ó jókòó síwájú Grandpa ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ náà gan-an. Ọ̀dàlẹ̀ ni Grandpa. Lọ́jọ́ náà, Wáífáì dé gbogbo igun ilé, àwòrán mọ́ kedere, ohùn ń dún bí agogo. Àwọn mẹ́ta ló yọ lójú rẹ̀, àti ògbufọ̀ kan tí wọn ò rí ojú rẹ̀. Wọ́n bi Alhaja pé kí ló bá wọlé.

"Àdúrà ni mo bá wọlé. Mo rò pé inú yàrá ló wà."

Kí ló dé tí ìyàwó rẹ̀ fi lọ sísàlẹ̀ tábìlì?

"Ó kí mi."

Kí ló wá dé tí ìyá fi sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Alhaja fara balẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ bímọ? Bí ọmọ yín bá kúnlẹ̀ níwájú yín, báwo ni ẹ ṣe ń fi í síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá dákẹ́? Mo gbà pé mo ṣẹ̀. Èmi ni kẹ́ ẹ dá lẹ́jọ́. Èmi ò ní ilé-ìwé tẹ́ ẹ lè lé mi kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wá ohun kan tẹ́ ẹ lè gbà lọ́wọ́ mi, kẹ́ ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀."

Ọkùnrin kan nínú wọn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní àwọn máa fèsì.

Èsì dé nígbà tí Mùlíkàt ń ṣa ìrẹsì. Ó kà á lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn gbà pé ìkíni ni, àwọn ò sì pè é ní olè. Ṣùgbọ́n ó kúrò lójú kámẹ́rà, ohùn míì wọlé, ìgbà kẹta sì nìyẹn. Àwọn ti yọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n bá a tọrọ ọjọ́ ọ̀la rere.

Alhaja dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Kí ni wọ́n wí?"

Mùlíkàt fẹ́ purọ́. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ṣẹ́ kù láti rù ú.

"Wọ́n ní rárá, Màámi."

Alhaja mi orí, ó padà sí yàrá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Mùlíkàt kì í rí i ní àárọ̀ mọ́. Alhaja tó ń jí ṣíwájú Àsùbáà, tó máa ń jókòó sí pálọ̀ de ìyàwó rẹ̀ kó tó jáde! Mùlíkàt kọ́kọ́ rò pé àárẹ̀ ni. Inaayah ló la ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó ní, "Grandma kì í sùn, Mommy. Wọ́n máa ń dúró síbi window, wọ́n á máa wò yín títí ẹ máa fi wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ fún àwọn mọ́. Wọ́n ní it's enough."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùlíkàt wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Alhaja. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màámi."

Ó gbọ́ tẹ̀sùbáà tó ń dún nínú yàrá. Tẹ̀sùbáà dákẹ́.

"Màámi, mo ti kúnlẹ̀ o. Ẹ dá mi lóhùn. Iṣẹ́ ń pè mí."

Ó dúró síbẹ̀. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ìwọ̀nba ìgbà tó kù tí bọ́ọ̀sì máa fi kọjá ń lọ, kò dìde. Ó gbọ́ ìmí ìyá náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sún mọ́ débi pé bóyá igi nìkan ló wà láàárín wọn.

"Dìde," ni Alhaja wí níkẹyìn. "Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Mùlíkàt dúró de ìyókù. Ó dúró kí ó pe òun ní Àwẹ̀ró. Ó dúró de àdúrà, bó ti wù kó kéré mọ, kó lè ṣe àmín sí i. Ẹsẹ̀ Alhaja ń fà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lọ sápá fèrèsé.

Mùlíkàt fọwọ́ ti ògiri dìde. Ó gbọn orúnkún ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ nù, ó sì jáde lọ wẹ àwọn arúgbó.